Ọkọ̀ Àgbà Lórí Òkè Kétu

Ẹni tó bá gbéra ní Àjàṣẹ́ láti lọ sí Kétu yóò gba Sàkétẹ́ kọjá, yóò sì dé Pobè, níbi tí ojú irin àwọn Faransé parí sí láyé àtijọ́. Wọn kò tẹ́ irin náà kọjá ibẹ̀. Láti Pobè lọ, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà: ilẹ̀ pupa tán, ilẹ̀ dúdú gba ipò rẹ̀. Àfonífojì ńlá yìí ni wọ́n ń pè ní Lama, ọ̀rọ̀ àwọn Potogí tó túmọ̀ sí ẹrẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà a máa lanu tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè há sí i. Bí òjò bá dé, yóò dà bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Yóò lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, yóò lẹ̀ mọ́ pátákò ẹran, yóò sì lẹ̀ mọ́ táyà títí ojú táyà kò fi ní hàn mọ́.

Àwọn Ọ̀họ̀rí ló ń gbé àárín ilẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n dìde sí ìjọba Faransé ní ọdún 1914, ẹrẹ̀ Lama wà lára ohun tó dáàbò bò wọ́n, nítorí ó ṣòro fún ọmọ ogun láti wọ́ ẹrù gba ibẹ̀ nígbà òjò. Ìtàn ọ̀nà tí wọ́n wá là gba àárín wọn kọjá ni òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Marcus Filippello, kọ ìwé lé lórí, ìwé náà sì jáde ní ọdún 2017. Odidi ìwé lórí ọ̀nà kan ṣoṣo! Ẹni tó bá ti ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn rí kò ní sọ pé ìwé náà gùn jù.

Lẹ́yìn Lama, ilẹ̀ tún gòkè, ó sì tún pupa. Òkè Kétu nìyẹn. Lónìí, títì ọlọ́dà ti la inú àfonífojì náà kọjá, ọkọ̀ èrò láti Kútọnu sì ń dé Kétu láìjẹ́ pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ mọ ohun tí àwọn baba wọn rí lójú ọ̀nà kan náà. Ṣùgbọ́n títì ọlọ́dà nìkan kọ́ ni Kétu. Kétu ni Idigny, Kétu ni Adakplamé, Kpankou, Okpometa àti Odometa, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ abà tó fara pamọ́ sínú oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́. Bí ẹ bá yà kúrò lórí ọ̀dà, ilẹ̀ pupa ló kù. Nínú ọyẹ́, ó jẹ́ eruku lẹ́búlẹ́bú. Nínú òjò, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nítorí ilẹ̀ yìí ni a ṣe ní ọkọ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Land Rover ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Series IIA, tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1961 sí 1971. Bàbá wa rà á ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1974. Àwa ọmọ mẹ́fà la jọ jogún rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá sọ pé "ọkọ̀ wa", kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹnì kan ló ń fi ọ̀wọ̀ wọ ara rẹ̀. Mẹ́fà ni wá lóòótọ́, ká tó ka àwọn ọmọ wa, ká tó wá ka àbúrò bàbá wa obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ẹni tí kò ní ìpín nínú ọkọ̀ náà lórí ìwé, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé e jáde láìsọ fún.

Ohun tí àlejò máa ń kọ́kọ́ rí ni pé sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìtàn wà nínú èyí. Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ààlà wọn yóò gbà. Kétu bọ́ sí apá Faransé, Mẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì, ààlà sì gé Ìlárá sí méjì bí ọ̀bẹ ṣe ń gé iṣu. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kúrò ní Kétu lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Mẹ̀kọ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ owó, kí ó sì pààrọ̀ èdè tí yóò fi bá àwọn agbófinró sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní ọkọ̀, ó tún gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ń rìn, nítorí Nàìjíríà ń rìn lápá òsì bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwa sì ń rìn lápá ọ̀tún. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà tó bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún bàbá wa sọ fún un pé láti ọjọ́ yẹn, etí gọ́tà ni òun ń jókòó sí bí òun bá ń wa ọkọ̀. Bàbá wa fèsì pé kò sí gọ́tà ní oko òun. Bí wọ́n ṣe dúnàá dúrà nìyẹn, a sì gbọ́ pé owó náà wálẹ̀ dáadáa.

Sítíárì ọ̀tún lójú ọ̀nà ọ̀tún ní wàhálà tirẹ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá wà níwájú wa, awakọ̀ kò lè rí ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó jókòó sí òsì ni yóò yọrí wò, tí yóò sì ké pé "Ó ṣí!" tàbí "Ó ń bọ̀ o!" Ìjókòó ojú ni a ń pe ìjókòó yìí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìjà ni a fi ń dé ibẹ̀, nítorí ẹni tó bá jókòó sí i ti di èèyàn pàtàkì. Kì í ṣe gbogbo èèyàn là ń gbà láyè níbẹ̀. Àna wa kan wà tí oorun máa ń gbé lọ kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà. Kò jókòó síbẹ̀ rí, kò sì ní jókòó síbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fi irú ọkọ̀ yìí han gbogbo ayé, ní ìlú Amsterdam, ní oṣù kẹrin ọdún 1948. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pẹ́ tó parí. Irin ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n álúmíníọ̀mù wà, òun ni wọ́n sì fi ṣe awọ ọkọ̀ náà. Maurice Wilks, ẹni tí èrò rẹ̀ jẹ́, ń lo Jeep àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní oko rẹ̀ ní Wales, ó sì ń wá ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀. Oko ló ti wá. A máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ọmọ wa tó ti rí irú ọkọ̀ yìí nínú fíìmù ogun: àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ó di ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2016 kí èyí tó kẹ́yìn nínú ìran náà tó jáde ní Solihull, kí wọ́n tó ti ojú ìwé yẹn pa.

Nítorí álúmíníọ̀mù yìí, awọ ọkọ̀ wa kò dípẹtà. Ó ti rún wọ inú níbi púpọ̀, a sì ti fi òòlù igi nà án padà, ṣùgbọ́n kò lu. Àwọn tó ń yọ́ álúmíníọ̀mù rọ ìkòkò mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn máa ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, yóò fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, yóò ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìtọ́jú ìkòkò mi o." A ti ṣírò ó: ìkòkò ìnáwó bí mélòó kan lè jáde níbẹ̀. Egungun ọkọ̀ náà ni irin, òun ni a sì ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Lórí òkè wa níbí, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun kò dé, bóyá ohun tó jẹ́ kí ó pẹ́ tó báyìí nìyẹn.

Àwọn ìwà rẹ̀ yòókù pọ̀. Kì í ṣe gbogbo òwúrọ̀ ni bátìrì ń jí. Bí kò bá jí, irin gígùn kan wà lẹ́yìn ìjókòó tí a ń kì bọ ihò iwájú ọkọ̀ láti fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá wa kọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa nìyí: má ṣe fi àtàǹpàkò há irin náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, jẹ́ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka yòókù, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ó lè ṣẹ́ ẹ. Lábẹ́ gíláàsì iwájú, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ méjì wà tí a ń ṣí kí atẹ́gùn lè wọlé. Atẹ́gùn ń wọlé lóòótọ́. Eruku náà ń wọlé. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun láti ilé wa lọ sí òde, aṣọ àlàárì ni yóò wọ̀ dé ibẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ náà bá sì dúró sí, yóò kán epo sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń ta omi sílẹ̀ fún àwọn ará iwájú. Ọjọ́ tí kò bá kán mọ́ ni àyà wa ń já, nítorí ó lè jẹ́ pé epo inú rẹ̀ ti tán.

Agbára rẹ̀ wà nínú ọ̀pá kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Ọ̀kan ní orí àwọ̀ ìyeyè, èkejì ní orí pupa. Bí a bá tẹ ti ìyeyè wálẹ̀, táyà iwájú yóò dara pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn láti fa ọkọ̀. Bí a bá fa ti pupa sẹ́yìn, ọkọ̀ yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po. Ṣáájú èyí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ fi ọwọ́ yí ìdè tó wà láàárín táyà iwájú méjèèjì. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni a ti ń ṣe é, kí a tó dé ẹrẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọkọ̀ olówó ńlá kì í sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì. A kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ yóò tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò wo bí omi ṣe jìn tó, yóò sì mọ ibi tí àwọn màlúù gbà kọjá lánàá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí ọdún Gèlèdé ń lọ lọ́wọ́, a máa ń bá àwọn ará abà kan lọ́nà Idigny kó ẹrù ọdún. UNESCO ka Gèlèdé mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2001, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ bí àwọn ère orí náà ṣe ń dé ojú agbo. Ọkọ̀ wa ni wọ́n ń bá dé. A ó fi aṣọ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó tẹ́ koríko sí abẹ́ wọn, àwọn ni yóò gba ibi tó dára jù lọ, àwọn onílù yóò sì jókòó lórí àpò àgbàdo. A máa ń gba ẹ̀bá Àkàbà Ìdènà kọjá, ẹnubodè ìlú láti ìgbà tí yàrà ṣì ń dáàbò bo Kétu. Àwọn àgbà inú ọkọ̀ a sì máa rántí bí Dàhọ̀mì ṣe fọ́ ìlú ní ọdún 1886, àti bí àwọn tó kù ṣe padà wá tún un tẹ̀ dó ní ọdún 1894. Ọkọ̀ tó ń sáré kò lè gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ parí. Tiwa kì í kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà ilẹ̀. Àyè wà láti kí gbogbo ẹni tó wà lóko ní ọ̀tún àti òsì, àyè sì wà kí wọ́n dáhùn. "Ẹ kú oko o!" "Ẹ kú ìrìn o!" Nígbà mìíràn ẹni tí a kí yóò ní kí a dúró, yóò sì ju ẹ̀pà tútù sí wa lẹ́yìn ọkọ̀.

Ibì kan wà lójú ọ̀nà náà tí ilẹ̀ rẹlẹ̀ láàárín òkìtì méjì. Nígbà òjò, zémìjàn kì í dé ibẹ̀ kí ó má padà, ọkọ̀ èrò kò tilẹ̀ ń dán an wò. Bí a bá débẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ á dákẹ́. Orí pupa yóò lọ sẹ́yìn, jíà kejì, ẹsẹ̀ kúrò lórí kúlọ́ọ̀ṣì pátápátá. A kò gbọdọ̀ sáré, a kò sì gbọdọ̀ dúró. Ọkọ̀ yóò máa mì sọ́tùn-ún sósì bí aláboyún tó ń lọ odò, ẹrẹ̀ yóò ga dé ojú táyà, Ìyá Àgbà yóò máa pe orúkọ bàbá wa ní ohùn kékeré. Lẹ́yìn náà iwájú rẹ̀ yóò gbé sókè, gbogbo èèyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ti kọjá ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ayọ̀ náà kò dín kù rí.

Ìgbà kan wà tí kì í ṣe ère orí ni a gbé. Òru ni. Aboyún kan ń rọbí ní abà náà, ẹjẹ̀ sì ń dà. Ọkọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí fóònù ti lè gbọ́. A fi irin yí ẹ́ńjìnnì, a lọ, a bọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Kétu ní ìdájí ọjọ́ yẹn ti wà ní kíláàsì CE1 báyìí, gbogbo ará abà sì ń fi orúkọ ọkọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ pè é.

Epo bẹntiróòlù ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu, ó sì ń mu ún kára: lítà 15 kò tó o fún 100 kìlómítà. Ẹ̀yin ará Bẹ̀nẹ̀ mọ ohun tí a ń rà: kpayo, ọ̀rọ̀ àwọn Gùn tó túmọ̀ sí ohun tí kì í ṣe ojúlówó, tó ń gba ààlà wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ̀ tuntun lè ṣàìsàn nítorí rẹ̀. Tiwa ń mu ún bí ẹni mu omi òjò. Ìkòkò gíláàsì kékeré kan wà lára ohun tó ń fa epo, ìdọ̀tí a máa sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó rí i, a ó tú u, a ó dà á nù. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo sì wọ́n gógó káàkiri. Ṣáájú èyí, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ pa fún ohun tó lé ní ọdún kan. Kì í ṣe epo nìkan ló dí mọ́ wa lójú. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ wa, láti Abẹ́òkúta àti ọjà Ládìípọ̀ ní Èkó ni ó ti ń wá. Odidi oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ náà fi dúró lábẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ sì yé sábẹ́ ìjókòó ojú.

Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀ ti lé ní 70 ọdún. Pàtírọ́ọ̀nù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Yóò ní kí a tan án, yóò dojú kọ ibòmíràn, yóò sì tẹ́tí. Ó máa ń sọ pé bí púlọ́ọ̀gì kẹta kò bá ṣiṣẹ́, òun ń gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ onílù tó sọ ìlù nù. Nínú ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, ẹnu irin kékeré méjì wà tó ń kan ara wọn tó sì ń yà. Àlàfo àárín wọn kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 0.4 mìlímítà lọ. Páálí àpótí ìṣáná ló fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kọ́ èyí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ tuntun ni wọ́n fẹ́, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi: irú ọkọ̀ tiwa mélòó ló kù ní Kétu tí wọn yóò fi jẹun?

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin kan dé láti Kútọnu lọ́dún tó kọjá, tó ní òun ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Yúróòpù, tó sì dárúkọ mílíọ̀nù márùn-ún fránkì, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mẹ́ta nínú wa fẹ́ kí a tà á. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí: owó ilé ẹ̀kọ́ wà níwájú, Pàtírọ́ọ̀nù ń dàgbà, epo ń wọ́n, bí mẹkáníìkì bá sì kú, ìkòkò ni ọkọ̀ náà yóò dà. Mẹ́ta kò fẹ́. Àwọn náà ní ìdí: ta ni yóò gba ibi tó rẹlẹ̀ yẹn kọjá nígbà òjò? A jókòó láti ìrọ̀lẹ́ títí àkùkọ fi kọ àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà kò sọ̀rọ̀ títí ó fi kù díẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ọmọ ọdún 19, tó ń gbé omi fún àwọn àgbà, pé, "Ìwọ, ṣé o lè tún un ṣe?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mo lè tú u. Títò rẹ̀ padà ni mi ò tíì mọ̀ tán."

"Lọ kọ́ ọ," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì dìde láti lọ sùn. A kò lè dìbò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkùnrin ará Kútọnu náà fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún kan ti kọjá báyìí tí ọmọ náà ti ń lọ sọ́dọ̀ Pàtírọ́ọ̀nù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó ti mọ àlàfo inú ohun tó ń pín iná náà, páálí ìṣáná tirẹ̀ sì wà nínú àpò rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó tú ìdè táyà iwájú òsì, ó tò ó padà, ó sì ku ìdè kékeré kan lórí ẹní tó tẹ́. Pàtírọ́ọ̀nù ní kí ó tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tú u. Rọ́bà tó ń dí epo mọ́ inú jíà ni a ń retí nísinsìnyí. Wọ́n ti rí i ní Ládìípọ̀, yóò gba Mẹ̀kọ àti Ìlárá wọlé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Àwọn ará abà ti ránṣẹ́ pé òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, pé ère orí mẹ́rin ló wà nílẹ̀ lọ́dún yìí. Ìyá Àgbà sì ti sọ fún gbogbo ilé pé òun ni yóò jókòó sí ìjókòó ojú.